Ẹnu Bàbá, Apá Ọmọ

Nígbà tí Òpó, tó yẹ kó gbá tẹ́níìsì tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, di iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú níbi tí wọ́n ti ń na ara, tó sì ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, kì í ṣe igbe yẹn ló ba olórí ikọ̀ lẹ́rù. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé ó yíjú wo bẹ́ǹṣì, ẹni kan ṣoṣo tó lè wọlé gba ipò Òpó ló sì rí níbẹ̀. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni.

Ikọ̀ ọkùnrin tó ń gbá tẹ́níìsì fún orílẹ̀-èdè ni wọ́n. Látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ti ìlú onílùú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń jẹyà kiri bí ẹni tó ṣẹ gbogbo ayé. Òjò lé wọn níbì kan, oòrùn sun wọ́n níbòmíràn, ibi tí ojú ọjọ́ sì ti dára gan-an ni wọ́n ti lù wọ́n jù. Wọ́n ti wá padà sílé báyìí fún ìpàdé tó kẹ́yìn ọdún, ikọ̀ tó bá sì pàdánù níbẹ̀ á já bọ́ sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. Ìdíje márùn-ún ló wà nínú ìpàdé kan. Onílé ti jẹ méjì, àlejò ti jẹ méjì. Èyí tó kù ni gbogbo ènìyàn ń dúró dè.

Alòsì ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí pé ọwọ́ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ọwọ́ ọ̀hún bá wà ní pẹ̀lẹ́, ó dùn-ún wò bí omi tó ń ṣàn lórí àpáta. Àmọ́ ó ní àìsàn kan tí dókítà kankan ò rí wò: tí bàbá rẹ̀ bá ti la ẹnu pẹ́nrẹ́n láti tọ́ ọ sọ́nà, apá náà á le gan bí igi gbígbẹ. Kò sí ìjà láàárín wọn o. Bàbá ló kọ́ ọ láti kékeré, ní pápá olókùúta kan báyìí lẹ́yìn ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń pariwo láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́: “Ìgbọ̀nwọ́! Gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè!” Ó pariwo rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ inú eegun ọmọ lọ jókòó.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó pe ọkọ rẹ̀ sí ilé ìdáná, ó ní, “Ẹ gbọ́ o, tí ọmọ yìí bá ti wà lórí pápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yín jẹun.”

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti gbé ẹnu rẹ̀ jù sápò. Nígbà tí wọ́n wá fi í ṣe olórí ikọ̀, ó dá ọgbọ́n kan. Alòsì àti Òpó ló jọ máa ń gbá ìdíje oníméjì-méjì, ohunkóhun tí bàbá bá sì fẹ́ sọ fọ́mọ rẹ̀, etí Òpó ló ń sọ ọ́ sí. Òpó á wá yí i padà, á fi oyin díẹ̀ sí i, á ní, “Àbúrò, mo rò pé tó o bá sún síwájú díẹ̀, ayé á gbọ́.” Báyìí ni wọ́n ṣe lo gbogbo ọdún. Àwọn tó kù nínú ikọ̀ máa ń pe Òpó ní agbẹnusọ ìdílé.

Agbẹnusọ wá rèé lórí tábìlì, yìnyín lẹ́sẹ̀, tó ń wo àjà.

“Ọ̀gá,” Òpó ní, “ẹ̀yin nìkan ni òfin gbà kó jókòó sórí àga inú pápá. Kí lẹ fẹ́ ṣe?”

“Màá dákẹ́.”

“Látìbẹ̀rẹ̀ dópin?”

“Bí odi.”

Òpó wo ojú rẹ̀ dáadáa. “Ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun?”

Ọ̀gá ò dá a lóhùn. Ó ti ń dánra wò.

Nígbà tí wọ́n dé orí pápá, kò sí àyè tí wọ́n lè ju abẹ́rẹ́ sí lórí ìjókòó. Ọmọkùnrin tí àwọn àlejò fà kalẹ̀ dé fìlà, ó kọjú rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré lórí ráákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tó wá najú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ sẹ́ẹ̀tì méjì ló borí.

Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ò pẹ́ rárá. Onífìlà ń gbá bọ́ọ̀lù sí igun ọ̀tún, ó ń gbá a sí igun òsì, Alòsì ń sáré tẹ̀ lé e bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já. Nígbàkigbà tí wọ́n bá sì jókòó sinmi, bàbá á na omi sí i, á na aṣọ ìnura sí i, á wá di ẹnu rẹ̀ pọ̀ títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ. Ó rò pé àánú lòun ń ṣe ọmọ òun.

Ojú tí Alòsì fi wò ó yàtọ̀. Ó rí ọkùnrin tí ojú rẹ̀ le koko, tí kò lè wo òun, tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, “Ó ti tán. Bàámi ti gba kámú, ìtìjú ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.” Bí ó ṣe rò ó báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, sẹ́ẹ̀tì náà sì lọ.

Ó padà wá jókòó, ó fi aṣọ bojú.

“Bàámi, tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rètí nù, ẹ kúkú wí.”

Bàbá mi orí kíákíá. Ó nawọ́ sí ẹnu ara rẹ̀, ó nawọ́ sí apá ọmọ, ó tún nawọ́ sókè ibi tí Òpó jókòó sí láàárín èrò pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n wé. Alòsì wo gbogbo ìnawọ́ yìí, ó sì yé e. Inú tó fẹ́ bí i di ẹ̀rín, ẹ̀rín náà ò sì lè jáde.

“Ìdákẹ́ yín yìí burú ju ariwo yín lọ,” ó ní. “Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín. Kó má ṣáà ti jẹ́ tẹ́níìsì.”

Òógùn bo bàbá. Ọkùnrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn láyé ju tẹ́níìsì lọ! Ó wá a títí, ó wá rí ọ̀kan.

“Ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ìyá rẹ,” ó ní, “ó ṣì ń jò.”

“Èyí tẹ́ ẹ ti ní ẹ máa tún ṣe látìgbà tá a ti ń rìnrìn àjò kiri?”

“Òun náà ni. Rọ́bà inú rẹ̀ ló ti jẹrà.”

“Kì í ṣe rọ́bà, Bàámi. Ìdè irin rẹ̀ ló ti dẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ? Ìwọ tó o fọ́ ti ilé ìwẹ̀!”

Rẹfirí ní àsìkò ti tó. Alòsì dìde, ó ṣì ń kùn pé ìdè ni, pé rọ́bà kọ́, bọ́ọ̀lù tó sì kọ́kọ́ gbá lẹ́yìn náà, Onífìlà ò rí ibi tó gbà kọjá.

Látìgbà náà, gbogbo ìsinmi ni wọ́n ń fi ja ìjà ẹnu ẹ̀rọ. Bàbá ń yí ọwọ́ rẹ̀ wò láfẹ́fẹ́ láti fi bí sípánà ṣe ń mú ìdè hàn án, bó ti ń yí i sọ́tùn-ún ni ọmọ ń gbá ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ pé apá òsì ni. Olórí ikọ̀ àlejò, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí kì í fojú fo nǹkan, na ọrùn títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó gbà pé àmì ni wọ́n ń fún ara wọn. Ó sọ̀rọ̀ sí Onífìlà létí, Onífìlà sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan gbayawu, ó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò ní lọ́kàn láti gbá. Àárín pápá ṣófo. Alòsì ń gbá a sí àárín, ó ń gbá a sí àárín, sẹ́ẹ̀tì kejì sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní sẹ́ẹ̀tì kẹta, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Onífìlà ti jí. Bí èyí bá jẹ, tọ̀hún á jẹ. Èrò dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ bí bàtà ṣe ń ha ilẹ̀. Ó wá ku ààmì kan ṣoṣo kí Alòsì borí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù àkọ́gbá wà. Ó sọ bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó mú un. Ó gbé ojú sókè.

“Ìgbọ̀nwọ́!”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí bàbá tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, àmọ́ kí ló kù tó ń bò?

Apá ọmọ le gan. Bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n. Wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn náà wọ inú àwọ̀n. Èrò mí kanlẹ̀. Lórí ìjókòó, Òpó dorí kodò. Ààmì tó tẹ̀ lé e, Onífìlà ló jẹ ẹ́. Bó bá tún jẹ ọ̀kan péré, wọ́n á bá ara wọn dọ́gba, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Alòsì rìn lọ síbi àga bí ẹni tó fẹ́ nu òógùn. Bàbá ò lè wò ó. Àgbàlagbà náà ká ara rẹ̀ kò lórí àga, ọmọ sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ pé ẹ̀rù ló ń bẹ nídìí gbogbo ariwo yẹn, látorí pápá olókùúta títí dòní. Ẹ̀rù pé kí ọmọ má baà ṣubú.

“Bàámi.”

“Má dá mi lóhùn, ọmọ mi. Pa mí tì.”

“Sípánà wo lẹ fẹ́ lò?”

Bàbá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. “Èyí... èyí tó tóbi.”

“Á fọ́ ẹnu ẹ̀rọ mọ́ yín lọ́wọ́. Màámi á lé yín jáde.”

“Kékeré náà wà nínú àpótí.”

“Ẹ rí i? Ẹ mọ̀ ọ́n, agídí lẹ ń ṣe.”

Ó fi aṣọ ìnura nu apá rẹ̀, ó wá rọra dà á bo orí bàbá rẹ̀. Bàbá ò ṣí i. Ó ki eteetí aṣọ náà bọ ẹnu, ó sì deyín mọ́ ọn.

Inú òkùnkùn aṣọ yẹn ló wà. Ó gbọ́ bọ́ọ̀lù tó ń ta nílẹ̀. Ó gbọ́ ráákẹ́ẹ̀tì tó dún gbà. Ó gbọ́ tí rẹfirí ké pé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ jáde, ó túbọ̀ deyín mọ́ aṣọ. Ìdákẹ́rọ́rọ́ tún dé. Bọ́ọ̀lù tún ta, ọ̀kan lọ, ọ̀kan bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, ó pẹ́ débi pé èémí fẹ́ tán nínú rẹ̀. Gbà! Ilẹ̀ mì. Ariwo náà ga ju kí ó lè yà á sọ́tọ̀ lọ, ìdí rẹ̀ ò sì gbéra kúrò lórí àga.

Ẹnì kan fa aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀. Alòsì ni, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, òógùn ń kán ní imú rẹ̀, èrò sì ń fi ijó tú wọlé bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Òpó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ níwájú gbogbo wọn.

Bàbá la ẹnu, ó tún pa á dé.

“Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí,” ọmọ ní.

Bàbá wo apá òsì náà títí. Ó nawọ́, ó fi ọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì dárúkọ rẹ̀.

“Ìdè ni,” ó ní. “Kì í ṣe rọ́bà.”