Àṣá Ara Ìlẹ̀kùn

…bí mo bá ṣá a lọ́rùn, kò ní lè ké. Orí ni — rárá, ọrùn. Àáké wà lọ́wọ́ mi. Rájí ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé, mo ń gbọ́ omi bó ṣe ń dà láti inú búta. Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ìyá mi. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi.

Ìlẹ̀kùn rèé nílẹ̀. Rájí ti la àṣá tí mo gbẹ́ sí i.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo fi jókòó létí odò Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, tí mò ń wo àṣá. Ẹran á ti kúrò lọ́wọ́ alápatà kó tó ṣẹ́jú. Mo bá délé, mo gbẹ́ ẹ sára igi ọ̀gànwó, ìyẹ́ kan, ìyẹ́ kan, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́… Silas, akọ̀wé rélùwéè tó ni ìlẹ̀kùn, wò ó lánàá. "Jàmàlúdéènì, adìẹ rẹ mà sanra o." Adìẹ. Ọrùn tirẹ̀ náà —

Rájí ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. A jọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá wa ní Ìlọrin ni, òun ló sì mọ igi jù, kó tó di lèmọ́mù, kó tó ju ọ̀bẹ nù pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká gbẹ́ ohun abẹ̀mí. "Lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀, wọ́n á ní kí o fẹ́ ẹ̀mí sí àṣá yìí. Wàá fẹ́ ẹ tì." Ohùn pẹ̀lẹ́. Ó bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e sórí àga. Ó wá mú àáké mi.

Ó ráyè ká agbádá.

Omi ṣì ń dà. Ẹsẹ̀ ló kù kó fọ̀. Dìde. Dìde báyìí, kó tó yíjú…

Kí ni mò ń wò?

Ojú àáké lára ìlẹ̀kùn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ba igi jẹ́, á ṣá a níbùú. Rájí ò ṣá a níbùú. Ó tẹ̀ lé ibi tí igi fẹ́ là sí, láti ẹ̀yìn orí àṣá dé èékánná, ẹ̀ẹ̀kan péré — ó jìn lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Gbogbo ìyẹ́ tí mo tò sára igi, kò sí ọ̀kan tó fò. Eléyìí… ojú àáké kan ṣoṣo yìí ń já bọ̀ bí àṣá létí odò.

Ó mọ̀? Àbí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀?

Omi ti dá. Mo ṣì fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó kọ́kọ́ tún un ṣá lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n rí bó ṣe yí ọwọ́.