Ìpín Èkejì Wa

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀san ni mo ń wá.

Ní erékùṣù Komodo tiwa níbí, ẹranko tó pa ọmọ mi kì í ṣe ẹranko lẹ́nu àwọn àgbà. Sebai ni wọ́n ń pè é, ìyẹn èkejì wa. Wọ́n ní obìnrin kan ló bí àwa àti alángbá ńlá náà ní ìbejì. Nítorí náà, ọdẹ tó bá pa àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ gbé orí àti ìfun rẹ̀ sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn abúlé. Ìpín èkejì nìyẹn. Sebai á jẹ tirẹ̀, àwa náà á jẹ tiwa.

Àdéhùn yẹn dára nígbà tí wọ́n ṣe é. Agbárí sebai àtijọ́ kan wà nílé Baba Tasrif, olórí abúlé wa. Kò gùn tó apá mi. Nígbà náà, sebai ń wọ́ ikùn nílẹ̀ ni, àfi kó yá oòrùn títí kó tó lè rìn. Ṣùgbọ́n ìran ń lọ, ìran ń bọ̀, òkun gbé abúlé wa méjì mì, àgbọ̀nrín ń dínkù, ẹsẹ̀ sebai sì ń gùn. Tòde òní ga tó ẹṣin, méjì méjì ni wọ́n sì ń ṣọdẹ.

Ramlah ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ ṣa èso àjàgbọn lọ́sàn-án gangan. Orí òkè ni mo wà tí mo ti rí sebai méjì. Ọ̀kan lé e, ìkejì dènà dè é. Èyí tó lé e ní àpá funfun léjìká. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, kò sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́.

Baba Tasrif wá sílé mi. "Ìyá Ramlah, fara balẹ̀. Èkejì wa ló ṣìṣe. Bóyá ìpín rẹ̀ ló kéré."

"Ẹ̀yin náà ní ọmọbìnrin, Baba. Ẹ fi í kún ìpín rẹ̀."

Hasnia, aládùúgbò mi, fà mí láṣọ. "Ẹnu rẹ á pa ọ́."

"Kó tètè ṣe bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọdẹ pa àgbọ̀nrín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé ìpín lọ. Inú Baba Tasrif dùn, ó rò pé mo ti gba kámú. Ẹ̀dọ̀ ẹja olóró méje ni mo kó sínú ìfun yẹn. Láti ayébáyé, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sínú ìpín rí, nítorí náà sebai kì í gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Alápàá-funfun nìkan ló wá. Ó jẹun tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó sì ṣubú. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí igi tí mo ti ń ṣọ́ ọ, mo tutọ́ sí i lójú. Mo dáná sun ún. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọdẹ gbé ìpín mìíràn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí àgbọ̀nrín náà wà lẹ́nu ọ̀nà mi láìjẹ, ipasẹ̀ sebai kan ṣoṣo sì wà nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Kí lo fi sínú ìpín?" Baba Tasrif bi mí.

"Ohun tó tọ́ sí i."

"Wọn ò ní jẹ ẹ́ mọ́ láé. Kí ni wọn ó máa wá jẹ báyìí?"

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn wọlé.

Èébì sebai wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà, ó ṣì tutù. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ohun tí inú rẹ̀ kò bá lè lọ̀, ó máa ń pọ̀ ọ́ ní ìṣù. Mo fi igi tú u. Ẹ̀gbà ọwọ́ Ramlah ló wà nínú rẹ̀, èyí tí mo fi ìkarahun sín fún un fúnra mi.

Alápàá-funfun ti di eérú láti ìjẹta. Èyí tó dènà ló gbé ọmọ mi mì.

Mo fọ ẹ̀gbà náà. Kò gba ọwọ́ mi, mo so ó mọ́ ọrùn.

"Hasnia, ṣé ọkọ rẹ ń lọ sókun lónìí? Mo fẹ́ ẹja olóró."

"Kò ní jẹ ìpín mọ́, Ìyá Ramlah. O ti fojú ara rẹ rí i."

"Mo mọ̀. Ẹnu ọ̀kọ̀ ni n ó fi oró rẹ̀ ra. Èmi fúnra mi ni n ó jókòó sórí àpáta yẹn."