Ẹni Tó Kó Àkísà Jọ

Tí àwọn ará ìlú wa bá rí Orrin Knickle létí òkun ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bàbá náà tún ti sá pánlá. Pánlá kọ́ ló ń sá. Àkísà tí a fi nu epo sára pákó ni. Á tẹ́ ẹ sórí àpáta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á gbé òkúta lé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn má baà gbé e, á wá fọwọ́ lé ìbàdí, á máa wò wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà. Etí omi yìí kan náà ni àwọn bàbá wa ti ń sá ẹja oníyọ̀ kí ẹja tó tán nínú òkun, ìyẹn ló jẹ́ kí àwàdà náà dùn. Ẹni tó bá ń kọjá á tẹ fèrè ọkọ̀, á ní, "Orrin, èló lo ń ta ìkan?" Bàbá Orrin ò ní wẹ̀yìn. Á ní, "Lọ bi ìyàwó ẹ, ó ti ra tiẹ̀ láàárọ̀."

Bàbá mi ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀: ilé fífọ̀ àti àtúnṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ pákó. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nova Scotia, pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé, kùrukùru òkun kì í sì í jẹ́ kí pákó sinmi. Tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ara ilé á ti hu nǹkan àwọ̀ ewé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé á ti dúdú, á máa yọ̀, ìyá onílé á sì gbé fóònù. A óò fi ọṣẹ àti omi wẹ ilé láti òkè délẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀, a óò fọ̀ ọ́, a óò fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, a óò ha á títí ojú pákó á fi funfun, ká tó fi epo kùn ún. Nígbà tí bàbá mi kú, mo jogún ọkọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń tu omi kan, àkàbà mẹ́rin àti Bàbá Orrin. Orúkọ mi, Merle Wentzell, ni mo kọ sára ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bàbá náà ló mọ iṣẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, àkísà ló sì fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ní epo tí a fi ń kun pákó, tó bá ń gbẹ, ara rẹ̀ máa ń gbóná. Tí àkísà bá tẹ́ gbalaja, atẹ́gùn á kó ooru náà lọ. Tí o bá ká a jọ sójú kan, ooru ò ní rọ́nà jáde, á máa pọ̀ sí i níbẹ̀ títí iná á fi sọ fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná, láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ó ní tí n kò bá ráyè tẹ́ ẹ, kí n rì í sínú omi. Láti ìgbà náà, òun ló ń bójú tó àkísà. Kò jẹ́ kí èmi tàbí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá ni orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó gbàgbé àkàbà wa sára ilé oníbàárà kan. Ó pè mí ní Clyde, orúkọ bàbá mi, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó yá, ó lè bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá a ti gba kọ́kọ́rọ́. Fern, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó lọ sinmi. Mo ní iṣẹ́ ló ń mú un lókun. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè ha pákó bíi tirẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ti gbé fún mi sì ti kún títí di oṣù kẹwàá. Àmọ́ kò gbàgbé àkísà rí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín: kò gbàgbé àkísà rí, títí tó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Tíṣà Eisnor ló kọ́ gbogbo wa ní ìwé kíkà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ó ń dá gbé nínú ilé funfun kan tó kọjú sókun. Nínú oṣù kẹsàn-án, ó ní ká wá tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun ṣe, torí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń mú ìyàwó tuntun bọ̀ láti Alberta. A parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ní agogo mẹ́ta, ojú pákó náà ń dán bí oyin. Bàbá Orrin tẹ́ àkísà rẹ̀ sórí àpáta, mẹ́rìnlá, ó kà wọ́n. Mo ní kó máa lọ sílé nítorí Fern ti gbé ọbẹ̀ ẹja kaná, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Tíṣà jáde.

"Merle, kí ni gbogbo ẹ̀gbin tẹ́ ẹ tẹ́ síwájú òkun mi yìí?"

Mo ní àkísà epo ni, kó jẹ́ kó gbẹ dọ̀la.

"Aago méje àárọ̀ ọ̀la lọmọ mi máa dé. Ṣé o fẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ rò pé orí ààtàn ni mò ń gbé ni? Kó wọn kúrò níbẹ̀. Láti kékeré lo ti máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí."

Mo ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, mo níyàwó nílé, ṣùgbọ́n tí Tíṣà Eisnor bá ti wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, mo ti di ọmọ ọdún méje nìyẹn. Mo kó àkísà náà. Wọn ò tíì gbẹ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kún fún ẹ̀rọ àti kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù, n kò sì fẹ́ fi nǹkan elépo sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹtiróòlù. Ibi tí ọgbọ́n mi mọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo rí korobá kan tí wọ́n fi ra ẹran oníyọ̀ rí, mo kì wọ́n sínú rẹ̀, mo tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, mo dé e, mo tì í sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ojú ò ti ní tó o. Oníbàárà mìíràn ń dúró dè mí ní agogo mẹ́rin. Páìpù omi Tíṣà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí mo wà. Èmi tí mò ń fi omi jẹun láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, n kò bu omi lé e. Mo ní láàárọ̀ kùtù màá wá gbé e.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yìn ilé náà ti jó, ẹ̀fín sì ti gba yòókù. Aago ẹ̀fín ké, ṣùgbọ́n Tíṣà a máa bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kúrò létí tó bá fẹ́ sùn. Inú àwo kékeré kan lórí tábìlì ni wọ́n ti rí ẹ̀rọ náà. Orí ibùsùn ni wọ́n ti bá òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó tuntun dé ní aago méje, àwọn panápaná ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin tó ń wádìí iná náà wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rí irin ìgbámú korobá nínú eérú, ó sì mọ ohun tó ń wá. Ó bi mí pé ta ló ń bójú tó àkísà nínú iṣẹ́ wa. Mo ní Bàbá Orrin ni. Ẹ ò rí i pé n kò purọ́? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jẹ́ òótọ́.

Obìnrin náà yíjú sí i. "Bàbá, ṣé ẹ tẹ́ wọn lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ó la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró, bí ẹni tó na ọwọ́ sí ohun tó gbé síbì kan, tí kò bá a níbẹ̀ mọ́. "Mo máa ń tẹ́ wọn," ló wí.

"Lọ́jọ́ Ẹtì ńkọ́?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wá wò mí. "Merle, ṣé mo tẹ́ wọn?"

Mo ronú orúkọ mi tó wà lára ọkọ̀. Mo ronú bí ọmọ Tíṣà ṣe máa wò mí. Mo ronú gbogbo ilé tó ń dúró dè mí, tí kò ní sí ẹyọ kan mọ́ nínú wọn.

"Mi ò wo ibẹ̀, Bàbá," ni mo wí. "Mò ń kó ẹrù sọ́kọ̀ ni."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "A jẹ́ pé mo gbàgbé nìyẹn."

Àṣìṣe ni mo fi pa Tíṣà Eisnor. Ti Bàbá Orrin, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjàǹbá ni, wọn ò mú ẹnikẹ́ni. Ìlú wa kì í pariwo mọ́ ènìyàn. Wọ́n kàn jáwọ́ nínú àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó tẹ fèrè fún un mọ́. Níbi oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì ń sè, àyè méjì ṣófo lọ́tùn-ún rẹ̀, àyè méjì ṣófo lósì, ó ń jẹ kábéèjì kíkan rẹ̀, kò gbójú sókè. Èmi ni wọ́n ń bá kẹ́dùn. Wọ́n ní ojú àánú ló kó bá mi, pé ẹlòmíràn ì bá ti lé bàbá náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. N kò jiyàn. Nínú oṣù kẹwàá, Bàbá Orrin wá dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà. Kò jókòó.

"Ẹlòmíì ì bá ti wọ́ mi nílẹ̀ kiri ìlú," ló wí. "Ìwọ bò mí láṣìírí. Clyde bímọ."

Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kí i pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí yìnyín bọ́, Fern bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Bàbá Orrin ti ń kó gbogbo aṣọ inú ilé lọ sórí àpáta, tówẹ̀lì, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ ilé ìdáná, á gbé òkúta lé wọn, á ní òun ò ní gbàgbé mọ́. Tí Fern bá kó wọn wọlé, á tún kó wọn jáde. Ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú, ṣùgbọ́n kò gbàgbé pé òun pa Tíṣà. Nínú oṣù kejì, Fern lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó dé, ẹ̀wù tó wà lọ́rùn bàbá náà ló wà lórí àpáta, òun fúnra rẹ̀ dúró tì í nínú yìnyín pẹ̀lú àyà níhòòhò. Òtútù ti pa ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì gé wọn kúrò nílé ìwòsàn. Ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni n kò lè gbé e mọ́. Mo kọ́kọ́ lọ bá obìnrin tó wádìí iná, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ilé ìdáná Fern. Mo jókòó síwájú Bàbá Orrin, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: àkísà mẹ́rìnlá, Tíṣà, korobá, omi tí n kò bù.

"Tún un sọ," ló wí. Mo tún un sọ.

Omijé dà lójú rẹ̀. Ojú náà mọ́ kedere, bíi tìgbà tí mo bá ha pákó lódì tó sì fẹ́ bú mi. "Mo tẹ́ wọn," ló wí. "Mo mọ̀ pé mo tẹ́ wọn. O wá jókòó síbẹ̀, o jẹ́ kí n gbé e."

Ó ní kí n jáde nílé òun. Fern ò kúrò nídìí sítóòfù. Ó kàn ní òun ò mọ èébú tó tó mi. Mo jáde. Kí n má purọ́, ara mi fúyẹ́. Ìlú gbọ́, fóònù mi ò sì dún fún iṣẹ́ mọ́, mo ní ó tọ́ sí mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo rò pé ó ti lé e bá nìyẹn.

Fern ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní Bàbá Orrin wà lórí àpáta, ó ń sá aṣọ, ó ń sunkún pé òun pa Tíṣà.

Ohun tí mo sọ fún un ò bá a mọ́jú. Ẹ̀bi náà ló ti fìdí kalẹ̀. Mo padà lọ, mo sọ ọ́ lọ́tun, ó sunkún lọ́tun, ó lé mi jáde lọ́tun, bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ní ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Fern wá ṣàkíyèsí pé tí mo bá sọ ọ́ láàárọ̀, bàbá náà lè rí ìsinmi títí oorun ọ̀sán á fi gbé e lọ, ó sì pàṣẹ pé kí n máa wá lójoojúmọ́. Mo ń lọ. Kò ṣáà síṣẹ́. Bàbá Orrin ti bú mi tìyá tìyá. Ó ti tutọ́ sí mi lára. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ tí wọ́n gé níka yẹn gbá mi létí, inú mi sì dùn, torí ọjọ́ náà ló gbà mí gbọ́ jù.

Lánàá, nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò sunkún, kò sì bínú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí tábìlì, ó fi ìka méjì tó kù di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́, Merle," ló wí. "Má purọ́ mọ́ra ẹ nítorí tèmi. Èmi ni mo gbàgbé. Mo mọ̀."

Mo ní èmi ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọgun mọ́ ọn. Fern náà sọ fún un pé òótọ́ ni mo ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwa méjèèjì, bí àgbà ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ jẹgba. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fern. Ó ní kí Fern bu oúnjẹ fún mi kí n tó máa lọ. Fern bù ú, ó gbé e síwájú mi, kò sì wò mí.