Balùwẹ̀ Ìsàlẹ̀

Nígbà tí aránṣọ gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tuntun, àwọn tó kọ́lé náà ní ó ku nǹkan díẹ̀. Nǹkan díẹ̀ ọ̀hún ni balùwẹ̀ ìsàlẹ̀. Ihò lásán ló wà níbi tó yẹ kí wọ́n gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sí, páìpù méjì yọrí lára ògiri, ilẹ̀kùn sì fara ti kọ̀rọ̀, kò tíì wọ férémù. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, àfi kó gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá lọ sókè.

Ìyá rẹ̀ ò lè gun ẹyọ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá àti lẹ́sẹ̀ òsì, ọ̀sẹ̀ kọkànlá rẹ̀ rèé ní ilé ìwòsàn. Nítorí ìyá yìí gan-an ni ọmọ ṣe ra ilé. Nọ́ọ̀sì àgbà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí balùwẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ kí oṣù tó parí, màmá ń lọ sílé ọmọ wọn, bí kò bá sí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọn yóò gbé wọn lọ, torí àwọn mìíràn ń dúró de bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ yìí ò gba àwàdà rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló bọ́ sí? Ọwọ́ alábòójútó iṣẹ́ tí àwọn ará àdúgbò sọ ní Ọ̀gá Ọ̀la. Ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, bó bá sì ti ní ó dọ̀la, ẹ má wulẹ̀ bi í pé ọ̀la wo. Aránṣọ pè é títí. Ó kọ̀wé, ó ya fọ́tò ihò náà ránṣẹ́. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gba ọ́fíìsì wọn lọ.

Akọ̀wé tẹ kọ̀ǹpútà, ó kà á. “Ẹ̀yin lẹ ní ká má kánjú, mà.”

“Èmi?”

“Ó wà níbí. Ọjọ́ kẹta oṣù yìí. A pè yín, ẹ ò gbé e. A wá pe nọ́ńbà kejì tí ẹ kọ sílẹ̀.”

Nọ́ńbà kejì, ti ìyá rẹ̀ ni. Ariwo máṣíìnì kì í jẹ́ kó gbọ́ fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, ló ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀gá Ọ̀la yọjú láti yàrá inú. “Ìyá yín fúnra wọn ló sọ ọ́, mà. Wọ́n tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi. A ti wá kó àwọn oníṣẹ́ páìpù lọ síbòmíràn. Ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀.”

Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ débi pé akọ̀wé gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin náà ń bá a kẹ́dùn, ó sì ń wo aago.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. “Ṣé wọ́n ti ṣe é tán?”

“Ó ku díẹ̀, Mọ́mì. Ṣé wọ́n pè yín?”

“Ọkùnrin yẹn? Ó pè. Ọmọlúàbí ni. Ohùn ẹ̀ dà bíi tẹni tó ti rẹ̀, mo ní kó fara balẹ̀, kó ṣe é bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìwọ náà, má máa le mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.”

Inú bí aránṣọ, kò sì rí ẹni tó máa bínú sí. Irú ẹnu yìí náà ni ìyá fi tọ́ ọ dàgbà. Bó bá sọ òótọ́ báyìí, ìyá á mọ̀ pé ẹnu òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síta. Ó tún ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ ṣe.

Nọ́ọ̀sì gbé ìwé ilé ìtọ́jú arúgbó wá. Aránṣọ fọwọ́ sí i.

“Ìwé kí nìyẹn?”

“Ìwé tí wọ́n á fi jẹ́ kẹ́ ẹ jáde ni.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́kù fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

“Yàrá tí o fún mi yẹn, ṣé ó ní fèrèsé?”

Aránṣọ ò dé ilé ìtọ́jú náà rí.

“Ó ní, Mọ́mì,” ó ní. “Ó tiẹ̀ tóbi.”