Màmá Mi Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mi

Bísí, ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá mọ́jú òní ò yé mi rárá. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé bí oògùn ṣe ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí láti bá jẹjẹrẹ jà. Mo ya kókó jẹjẹrẹ sójú pátákó, ló bá di agboolé. Àwọn ọmọ ogun wọlé, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n jà, wọ́n jókòó ti àwọn ará ilé, wọ́n ń jẹ iṣu.

Mo pariwo, "Ọ̀tá ni wọ́n o!" Mo bu oògùn náà fún wọn. Wọ́n fi ṣan ọwọ́, wọ́n ń jẹun lọ.

Ìgbà tí mo máa yíjú, màmá mi, tí jẹjẹrẹ ọmú pa, ló jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Màmá nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, tísà, kí ló dé tí àwọn ọmọ ogun tèmi ò jà?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò mọ̀."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń bèèrè ni."

Nígbà tí mo jí, omijé ti rin ìrọ̀rí mi. Bísí, ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láago mẹ́wàá òní. Mo ti wọ bàtà tán, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.