Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Ti Máa Ń Fò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Alice àti Ọláoyè ọkọ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ owó tàbí ẹbí. Ẹ ṣáà ti bi wọ́n léèrè olórin tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ọláoyè á ní Káléèbù Onígìtá ni, àti pé wọn kò tíì bí ẹlòmíì. Alice á yínmú, á ní àwọn akọrin ìjọ ni tòun, nítorí pé àwọn yẹn máa ń dúpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn wọn á rò pé àwàdà ni.

Alice ló ni ilé oúnjẹ kan ní Enugu Road, ní Sabon Gari, nílùú Kano. Akọ̀wé rélùwéè ni Ọláoyè kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pe Káléèbù láti Ìbàdàn kó wá ṣeré fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn onígìtá náà fi wà ní Kano, Alice ló ń bọ́ wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣe ni wọ́n ń fojú burúkú wo túwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ elégédé tí àwọn Hausa ń pè ní táúṣè. Kò pẹ́ tí Káléèbù fúnra rẹ̀ fi ń yọ́ wá sídìí ààrò, tó ń béèrè èyí tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Oyún Bùsọ́lá wà nínú Alice nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bámú-bámú, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n.

Nígbà tí Káléèbù délé, ó gbé àwo kan jáde tó pè ní "Mo Ti Òkè Ọya Dé". Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn olórin, ó ki àwọn tó ṣe é lóore, ó sì dárúkọ Ọláoyè ní ojú kejì àwo náà. Háà! Orí baálé ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Kò sí àlejò tó wọlé tí kò ní gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ tán, á gbé abẹ́rẹ́ giramafóònù sókè, á sọ ọ́ padà sẹ́yìn, á pariwo pé, "Ẹ tún un gbọ́!" Gbígbé sókè, sísọ kalẹ̀, kò pẹ́ tí ojú àwo fi ha. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pe Ọláoyè tán báyìí, abẹ́rẹ́ á fò, ó di inú orin mìíràn. Ọláoyè kò bìkítà, orúkọ tirẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀ digbí.

Alice ni kò rí ara gba á sí. Ṣé Káléèbù kí òun náà níbi tí abẹ́rẹ́ ń fò kọjá ni, àbí kò kí òun rárá? Wọ́n wá àwo mìíràn títí dé Fagge, wọn kò rí i, Káléèbù náà sì kú. Nígbà tó yá, Alice gbà pé ó gbàgbé òun ni. Ó dùn ún, ó dùn ún gan-an. Yinni-yinni kẹ́ni ó ṣèmíì ni àwọn àgbà wí, bí ọkùnrin bá sì jẹ túwó, ó yẹ kó rántí ọwọ́ tó rò ó.

Ní Sátidé tó kọjá, Alice jókòó nínú ilé oúnjẹ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà, ni Bùsọ́lá ọmọ rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Kantin Kwari, bá sáré wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bùsọ́lá gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ tó bá di ká fèsì, ẹnu rẹ̀ á gba ọ̀nà Hausa àti pijin lọ.

"Mama, zo ki ji! I don find Baba him record! Somebody put am for internet, e clean well well."

Àyà Alice já. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí abẹ́rẹ́ bá ti ń fò, ìrètí díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí orin yìí bá wá lọ geere tí wọn kò pe òun ńkọ́?

"Pa á, Bùsọ́lá," ó ní.

"Haba, Mama!"

Ọláoyè ti yọ láti inú yàrá, orín wà lẹ́nu rẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi! Jẹ́ ká gbọ́ bàbá ẹ!"

Gìtá bẹ̀rẹ̀. Ohùn Káléèbù wọlé, ó mọ́ bí omi àmù:

"Ọláoyè, akọ̀wé rélùwéè, ọkọ̀ rẹ kò ní yẹ̀ lójú irin."

Ohun tó ti mọ́ni lára kì í tètè kúrò. Ọláoyè na ọwọ́ sí fóònù láti dá orin padà. Alice gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Bùsọ́lá, ẹ fi sílẹ̀! Lónìí, ẹ jẹ́ kó kọjá."

Gìtá ń dún. Lẹ́yìn náà ni Káléèbù rẹ ohùn sílẹ̀:

"Àlíìsì, ìyàwó Ọláoyè, mo kí ọ,
Ọlọ́bẹ̀ elégédé tí kò jẹ́ kébi pa wá.
Mo rí ẹsẹ̀ tó wú, tó ń rìn nítorí wa.
Ìbàdàn ni mo wà, ìkòkò rẹ ni ọkàn mi ń rò."

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ Alice. "Ó rí i," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó rí ẹsẹ̀ mi." Kò sọ pé kí wọ́n kí òun tó báyẹn, èyí tó rí gbà ju èyí tó ń retí lọ, inú rẹ̀ sì dùn dé ibi tó ń dunni.

Ọláoyè yọ orín lẹ́nu. "Alice, èmi ni mo ha á. Èmi ni mo fi orúkọ mi bo tìrẹ mọ́lẹ̀."

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," Alice ní, ó ń nu ojú, "ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Ọláoyè bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀, ó sì gbé e lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ bó èyí tó kù.

Oníbàárà àkọ́kọ́ ọjọ́ náà, Obadiah mẹkáníìkì, wọlé pẹ̀lú ebi, ó ní kí wọ́n bu ìrẹsì fún òun kíá.

"Jókòó ná, Obadiah," Alice dá a lóhùn. "O máa kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan."

Obadiah jókòó, ó gbọ́ ọ. Bí wọ́n ti pe orúkọ Alice tán, ó ní òun ti gbọ́, kí ìrẹsì máa bọ̀. Àmọ́ Alice ti na ọwọ́ sí fóònù.

"Bùsọ́lá, dá a padà sẹ́yìn," ó ní. "Ẹ tún un gbọ́!"