Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Lápá Òsì

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ìbínú mi pọ̀ jù. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lọ́wọ́, kí n tó ra mọ́tò yìí. Tuntun ni wọ́n pè é, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ló bá mi mú un níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, torí pé ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀dà. Ọ̀dàòkán ni gbogbo ayé ń pè é: bó bá kun mọ́tò, ọ̀dà kì í kán. Bàámi ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Bàámi fúnra wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àyà wọn ò gba òórùn ọ̀dà mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbé mọ́tò náà dé, inú wọn dùn débi pé wọ́n lọ ra sẹ̀rámíìkì, ìgò kékeré kan báyìí, tí omi inú rẹ̀ máa ń gan mọ́ ara mọ́tò, tí á sì le bíi gíláàsì lórí ọ̀dà. Wọ́n ní ẹ̀bùn àwọn fún mi nìyẹn. Èmi náà sì ń yọ̀ bí ọmọdé, ọ̀dọ̀yọ̀!

Láàárọ̀ Sátidé, a fọ̀ ọ́, a gbé e sínú gáréèjì kí eruku má bàa bà á, a ṣí fèrèsé méjèèjì. Bàámi fi sípíríìtì nu gbogbo ara rẹ̀, wọ́n ń pàṣẹ bíi sójà.

"Orí rẹ̀ la máa kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà bọ́nẹ́ẹ̀tì, ká tó bọ́ sórí ilẹ̀kùn. Bí mo bá ti ń pa á, kó o máa fi aṣọ nù ún tẹ̀lé mi. Bó bá gan kó o tó nù ún, sáńpépà nìkan ló lè yọ ọ́."

"Bàámi, mo ti gbọ́. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Etí tí Ọlọ́run fún ọ ò tíì kún."

Wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń tàn án sára mọ́tò láti wò ó bóyá ìdọ̀tí kù. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo apá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, wọ́n dúró. Wọ́n fi ìka kan ilẹ̀kùn náà, wọ́n kan òpó tó wà láàárín òun àti ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n tún un kàn. Wọ́n wá ní kí n lọ bu omi mímu wá.

Mo lọ. Nígbà tí mo fi máa dé, wọn ò tíì fọwọ́ kan orí mọ́tò, wọn ò fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá wọn níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, tí wọ́n ń pa sẹ̀rámíìkì sí i bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bàámi, tí kì í fi ìkejì ṣe ìkíní láyé wọn! Wọn ò tilẹ̀ gba omi náà. Ara fu mí.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì nílẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀, ó ń gún mi lójú."

Mi ò gbé e sílẹ̀. Ṣebí ọmọ akunmọ́tò ni mí? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ká ṣí ilẹ̀kùn, ká ti ìka bọ abẹ́ rọ́bà, ibẹ̀ ni ọ̀dà àtúnkùn ti máa ń fara hàn. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo ti ìka bọ abẹ́ rọ́bà òpó náà. Mo bá ojú téèpù níbẹ̀, ìlà ibi tí wọ́n lẹ téèpù mọ́ kí ọ̀dà tuntun má bàa kọjá, ó lọ gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ wú lábẹ́ ọ̀dà.

"Bàámi, wọ́n ti tún mọ́tò yìí kùn."

"Ọ̀dà díẹ̀ ni."

"Òpó ńkọ́? Wọ́n jó irin yẹn pọ̀ ni!"

"Bóyá ó já bọ́ lórí tírélà nígbà tí wọ́n ń kó wọn bọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

"Ta ló wá tún un ṣe?"

Wọ́n tún da sẹ̀rámíìkì sórí kànìnkànìn ọwọ́ wọn. Èmi náà ti mọ̀. Ojú téèpù yẹn ò gé ṣánṣán; ẹni tó kùn ún ti ká etí téèpù sẹ́yìn kí ọ̀dà lè rọra tán síbẹ̀. Ènìyàn méjì péré ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tó kọ́ni àti ẹni tí wọ́n kọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ọ̀dàòkán fọwọ́ ara ẹ̀ tún un kùn, ó wá tà á fún mi ní tuntun."

"Má pe bàbá rẹ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá wo? Ẹ̀yin náà rí i! Ẹ rán mi lọ bu omi kí ẹ lè bò ó mọ́lẹ̀! Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!"

Wọ́n gbé kànìnkànìn sílẹ̀, wọ́n dìde. Omi ti lé sójú wọn. "Òun nìkan lọmọ ìyá mi tó kù. Bó o bá pariwo, wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á fọlọ́pàá mú un. Torí tèmi, fi jì í."

"Ibẹ̀ làwọn ọmọ mi ń jókòó, Bàámi. Bí nǹkan bá kọ lu òpó yẹn, ṣé ó máa dúró?"

"Kò ní dúró."

Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti gba ọmọdé lọ́wọ́ àwọn tó gbé wọn jáde nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ ò tíì rí bàbá mi.

Wọ́n fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo rí i pé wọ́n ń ronú, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún gbogbo wa, inú mi sì fẹ́ rọ̀.

"Máa jẹ́ kí wọ́n jókòó sápá kejì," ni wọ́n wí. "Kò sóhun tó ṣe apá ọ̀tún."

Mo wo bàbá tó bí mi lọ́mọ.

"Mẹ́ta ni wọ́n, Bàámi. Èwo nínú wọn ni kí n gbé sápá ibí?"

Mo mú fóònù, mo pe àbúrò wọn lójú wọn. Wọn ò dá mi dúró. Wọ́n kàn kúnlẹ̀ padà, wọ́n mú aṣọ, wọ́n ń nu ilẹ̀kùn náà kó tó gan.